Àwòrán Ilẹ̀ Ẹ̀gbọ́n ní Ugbor

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ilẹ̀ ní Ugbor, ní ìlú Bìní. Wọ́n fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i títí owó ilé yóò fi dé. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kriging ní kí wọ́n dúró ná, kí n kọ́kọ́ ya àwòrán erùpẹ̀ ibẹ̀ fún wọn. Ta ló bi mí?

Danie Krige, ẹnjiníà ará South Africa, ló gbé ọ̀nà kriging yìí kalẹ̀ ní 1951, nígbà tó ń wá bí wọ́n ṣe lè fi ihò díẹ̀ mọ iye wúrà tó wà níbi tí wọn ò tíì gbẹ́ ní Witwatersrand. Georges Matheron, ará Faransé, ló wá fún un ní ìṣirò tó múná. Àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: erùpẹ̀ tó wà nítòsí ara wọn máa ń jọra, bí wọ́n bá ṣe ń jìnnà síra ni ìjọra ń dín kù. Kọ̀ǹpútà á wo bó ṣe ń dín kù sí, èyí tí wọ́n ń pè ní variogram, á sì fi ibi tí a wọ̀n méfò ibi tí a ò wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀, ibi tí mo wọ̀n náà ni ẹjọ́ wà. Koríko ga, mo sì bẹ̀rù ejò, ni mo bá ń bu erùpẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ẹsẹ̀ nìkan. Apá ìsàlẹ̀, òkèèrè ni mo ti kí i.

Bìní wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 6.3 sí àríwá, 5.6 sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí mo ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, mo gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. Kọ̀ǹpútà ò janpata; ó kó ilẹ̀ Ẹ̀gbọ́n, ó di Delta, nítòsí Ozoro. Mo tún ń fọ́nnu pé, "Ẹ̀gbọ́n, odò ò jìnnà síbí o!" Wọ́n kàn ń wò mí.

Nígbà tí mo dá ilẹ̀ padà sí Bìní, òmíràn tún yọjú. Iyanrìn pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀, òjò ti fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ, ó sì kan: pH èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo bù ò ju 5 lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá erùpẹ̀ kan wà tí tirẹ̀ lé ní 8, erùpẹ̀ dúdú, ó kúnná. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á tún padà lọ wo ibẹ̀. Èmi ní mo ti rí ìṣúra. Kriging gbà mí gbọ́, ó ya òbìrìkìtì búlúù ńlá sáàárín ilẹ̀, ó tiẹ̀ gba orí fẹ́ǹsì wọ ọgbà aládùúgbò. Màmá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yọjú sí bébà náà, wọ́n ní, "Na where I dey burn dirty be dat."

Mo yọ eérú Màmá kúrò, mo tún àwòrán tẹ̀. Méjì ni kriging máa ń fúnni: ọ̀kan fún erùpẹ̀, èkejì fún ibi tí àfojúdá rẹ̀ ò ti ṣeé gbára lé. Mo kó méjèèjì fún Ẹ̀gbọ́n láìṣàlàyé, nítorí mo ń sáré.

Ìgbà tí mo padà débẹ̀, èkejì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ti ra láìmù tí wọ́n fi ń pa kíkan ilẹ̀, wọ́n dà á síbi gbogbo tó pọ́n lórí bébà, ìyẹn ibi tí mi ò fẹsẹ̀ kàn nítorí ejò. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ apá ibẹ̀ ló dára jù, àwọn sì ti fún ọ̀rẹ́ àwọn kan tó ní ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ekehuan ní nọ́ńbà mi.