Owó-orí Tí Kò Dé Aláùsá

Ní Ìgbògbò, ní ẹkùn Ìkòròdú, ẹ ó rí irú ìyá oníbúrẹ́dì kan tí kì í gbàgbé láé láti yọ owó-orí kúrò nínú owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí owó náà, bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, kì í mọ ọ̀nà Aláùsá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òfin wí pé kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 10 oṣù tí ó tẹ̀ lé e kí ó tó dé ọ̀dọ̀ LIRS, àjọ agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Èkó, níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ni ó gbé e mì, tàbí dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ má bi mí. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀hìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: owó ìtanràn gorí gbèsè, èlé sì tẹ̀ lé e, títí ìyá fi ń du iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, tí wọ́n ní kí ó mú ìwé-ẹ̀rí owó-orí ọdún 3 wá.

Ó wá sáré ké sí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ owó-orí, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, CITN.

“Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹ̀bẹ̀ kọ́, Màmá, ìṣirò ni. Ìwé owó-oṣù dà?”

Àpò ìyẹ̀fun tí ìwé kún dẹ́nu ni wọ́n wọ́ wá. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà ṣírò, ó ṣe àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀, ó sì dárúkọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyá wá béèrè, tìtaratìtara, bóyá òfin gba òun láyè láti yọ owó-orí nínú ìyẹn náà.