Ti Ọrùn Ẹni Tó Fẹ́ Dáṣọ Fún Wa

Wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 35. Iye àkókò tí wọ́n ní ọkọ̀ Hyundai Kona tó ń lo iná mànàmáná máa ń fi gba iná kó tó yó nìyẹn, nígbà tí iléeṣẹ́ Stallion gbé e jáde l'Ékòó lọ́dún 2020, tí Gómìnà Sanwó-Olú sì bá wọn ṣí i. Wákàtí 9 yẹn ò bí mi nínú. Ìṣẹ́jú 35 ni. Ẹni tó jókòó ka ìṣẹ́jú mọ́ wákàtí iná ò gbé Ìpájà.

Lọ́dọ̀ tiwa, láti Ìyànà Ìpájà títí dé Àyọ̀bọ̀, a kì í ka iná ní ìṣẹ́jú; à ń kí i káàbọ̀ ni. Bó bá dé lóru, àwọn ọmọ á pariwo "Ọ́p NÉPÀ!", ìyá á sáré lọ tan pọ́ńpù omi, bàbá á máa wá áyọ́ọ̀nù, fóònù mẹ́rin á sì máa du ihò kan ṣoṣo lára ògiri. Kí kálukú tó rí tirẹ̀ ṣe, wọ́n ti mú un lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ta ni kí Kona tò sí?

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò: ẹni tó wà níhòòhò ò ní agbádá tó máa fi tani lọ́rẹ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ọrùn.

₦24 mílíọ̀nù ni wọ́n dá lé ọkọ̀ náà. ₦30,000 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lọ́dún yẹn. Òṣìṣẹ́ tí kò bá jẹ àkàrà, tí kò sanwó ilé, tí kò ra oògùn ibà, tó ń kó gbogbo owó oṣù fún ọlọ́kọ̀, 800 oṣù ni yóò fi san án, ìyẹn ọdún 66 àti oṣù mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀, ọdún 35 péré nìjọba ń gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ láyè láti fi ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún gbèsè, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò wá gun ọkọ̀.

Mi ò bá ọkọ̀ náà jà o. Ká sòótọ́, jíjẹ mímu rẹ̀ ò wọ́n. Kílówáàtì-wákàtí (kWh) 64 ni bátìrì rẹ̀ ń gbà kó tó yó. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A dé ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, ₦14,400 ni ì bá fi yó, wọ́n sì ní yóò rin kìlómítà 482 lórí rẹ̀. Ẹni tó ti ń ra bẹntiróòlù látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ lọ́dún 2023 mọ̀ pé iye yẹn ò kún táǹkì mọ́.

Ṣùgbọ́n Band A ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́ fún. Wákàtí mẹ́rin ni ti Band E. Kona tó bá ṣìnà wọ àdúgbò Band E, ó di ọjọ́ kẹta kó tó yó, bí tírànsífọ́mà ò bá bú gbàmù lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbà á á tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ wò ó ná: jẹnẹrétọ̀ ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ó ń tú èéfín dúdú sára aṣọ tí aládùúgbò sá, kí ọkọ̀ kan ṣáà lè jáde lọ máa yan fanda pé òun kì í rú èéfín!

Lọ́dún 2019, Ben Murray-Bruce gbé àbá lọ sílé aṣòfin àgbà pé kí ọkọ̀ elépo kásẹ̀ nílẹ̀ tó bá di ọdún 2035. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní epo là ń tà jẹun, kó gbé e padà. Ó gbé e padà. Epo tí wọ́n ní ó ń bọ́ wa yìí, ará Bàrúwà tó múlé tì wá ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo ti jò látinú páìpù sínú ilẹ̀ ibẹ̀, tó wọ kànga. Wọ́n fa omi, epo ló ń rùn. Wọ́n kígbe títí, omi rírà ni wọ́n ń mu. Orílẹ̀-èdè tó lè gbé epo dé inú kànga láìsí mítà, láìsí band, tí kò fún un ní wákàtí, òun náà ni kò lè gbé iná dé orí wáyà! Bí ibì kan bá wà tó yẹ kó kọ́kọ́ gba ọkọ̀ tí kì í mu epo, àwa ni.

Bọ́ọ̀sì oníná tí LAMATA, àjọ ìrìnnà Èkó, àti iléeṣẹ́ Oando kó wọ Èkó lọ́dún 2023 ṣì ní làákàyè nínú. Bọ́ọ̀sì kan ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn, gáràjì kan ṣoṣo la ó wá iná fún, owó rẹ̀ ò sì sí lọ́rùn òṣìṣẹ́ ẹyọ kan. Kí wọ́n fi púpọ̀ sí i, kí wọ́n sì rántí àwa ará Alímòṣọ́.

Ìwọ tó ti ń tu owó jọ láti ra tokunbọ̀ oníná, kọ́kọ́ mọ band tí àdúgbò rẹ wà. Lẹ́yìn náà, bi ẹni tó ń tà á léèrè iye tí bátìrì tuntun ń lọ àti ta ni yóò tún un ṣe. Bó bá ń kólòlò, wọ ọkọ̀ elépo rẹ padà sílé.