Ìjàpá, Alága Pápá Gọ́ọ̀fù

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo.

Ní ayé àtijọ́ kan tí kò tíì pẹ́ rárá, àwọn ẹranko la pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 sínú igbó. Wọ́n fi Kìnnìún jẹ olórí ẹgbẹ́. Ìjàpá, nítorí ẹnu rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí. Òun ló kọ òfin sára pátákó: bí ẹlòmíràn bá ń gbá bọ́ọ̀lù, panu mọ́, bí o bá jáde nínú kòtò iyanrìn, fi réèkì tún un ṣe, bí àwọn tó wà lẹ́yìn bá yá jù ọ́ lọ, yà kí wọ́n kọjá.

Lọ́jọ́ ìdíje, Ìjàpá àti Ìgbín jọ jáde, Ehoro àti Ọ̀bọ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìjàpá dé ìdí bọ́ọ̀lù, kò gbá a. Ó já koríko, ó dà á sáfẹ́fẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni ń kí ọba. Ọ̀pá 14 tí òfin gbà, kò sí èyí tí kò fà yọ, tí kò sì dá padà. Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e: "Mo wà nípàdé pàtàkì!" Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbé àpò rẹ̀ ti sùn lọ. Nígbà tó wá gbá a, inú igbó ni bọ́ọ̀lù wọ̀. Ni Ehoro bá dárin:

Lílé: Ìjàpá, oòrùn ti rẹlẹ̀ o
Ègbè: Gbá a, kó o máa lọ
Lílé: Èrò ẹ̀yìn rẹ ti kún bí ọjà
Ègbè: Gbá a, kó o máa lọ
Lílé: Alága tó ṣòfin ló dínà
Ègbè: Gbá a, kó o máa lọ

Ìjàpá ní: "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ní láti fi wá bọ́ọ̀lù."
Ehoro ní: "Alága, láti ọdún 2019 ni wọ́n ti gé e sí mẹ́ta."
"Èmi kò tíì buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi kò yá."

Ìgbín rẹ́rìn-ín. "Ìjàpá, ṣé tèmi ló yá? Kó tó kàn mí ni mo ti ń wo afẹ́fẹ́, tí mo ti yan ọ̀pá. Bó bá kàn mí, ìṣẹ́jú-àáyá 40 kì í pé tí mo fi ń gbá a. Ìrìn kọ́ ló ń mú ọ pẹ́, ìdúró ni."

Ìjàpá kò yà. Inú bí Ehoro, ó gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ láìkígbe "Fóò!" láti kìlọ̀. Gbàmù, ó ba Ìjàpá lẹ́yìn, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sán yánnayànna.

Kìnnìún gba ipò alága lọ́wọ́ Ìjàpá, ó gbé e fún Ìgbín. Ó fa Ehoro létí títí etí fi gùn gbọọrọ, nítorí ẹni tó ń kánjú tí kò kígbe, apànìyàn ló fẹ́ dà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Ìjàpá léèrè àpá ẹ̀yìn rẹ̀, yóò ní àmì-ẹ̀yẹ gọ́ọ̀fù ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Àlọ́ yìí kọ́ wa pé kí ẹni tó dínà yà, kí ẹni tó ń kánjú sì kígbe. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó: pó, pó, pó!