Kòkòrò Ẹ̀fọ́ àti Ọ̀tá Ilé

Yorùbá ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kò sí òwe tó rọrùn fún wa láti fi ba ẹbí jẹ́ tó o. Bí ọjà ò bá tà, bí físà ò bá jáde, a ó pa òwe náà, a ó sì yíjú sí ìyàwó bàbá wa tó jókòó jẹ́jẹ́ ní kọ̀rọ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó parí! Kòkòrò ti fojú hàn. Gbogbo ẹni tó ń pa òwe yìí ló ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀fọ́, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹ̀fọ́ kan tó yẹ ara tirẹ̀ wò.

Kòkòrò sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 1842, Gustav Simon, oníṣègùn awọ ara ní ìlú Berlin ní Jámánì, fi ohun tó fún jáde láti inú irorẹ́ sábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá, ló bá rí kòkòrò gbọọrọ kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ìbátan eégbọn àti aláǹtakùn. Demodex ni wọ́n ń pè é. Oríṣi méjì ló wà lára ènìyàn. Èyí tó gùn jù kò ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Inú ihò irun ló ń gbé, pàápàá ti ìpéǹpéjú, imú àti iwájú orí. Àbúrò rẹ̀ wọlé jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fi ibi tí ọ̀rá ara ti ń sun ṣe ibùgbé. Ọmọ tuntun kì í gbé e wá sáyé. Ara ìyá tó ń gbé e mọ́ra ló ti ń kó o. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní North Carolina wá DNA rẹ̀ lójú ènìyàn ní 2014, gbogbo àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní in. Bíṣọ́ọ̀bù ní in, babaláwo ní in. Wòlíì tó ń tú àṣírí ọ̀tá ilé, ìpéǹpéjú rẹ̀ kún fún un bó ṣe ń ríran lọ.

Ìṣesí rẹ̀ gan-an sì jọ ti ẹni tí wòlíì ń wá. Òru ló ń jáde. Bí onílé bá ti sùn, á yọ láti inú ihò rẹ̀ lọ wá ẹni tí yóò bá lò pọ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti wọlé padà. Àwọn onímọ̀ tó ka àbùdá rẹ̀ jáde ní 2022 rí i pé ó ti bá wa gbé pẹ́ débi pé ohun tó lè fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kò ní ihò ìdí, pé ìgbẹ́ tó kó jọ látọjọ́ tó ti dáyé ló ń tú síni lójú lọ́jọ́ tó bá kú. Àwọn tó ṣe ìwádìí 2022 yìí kan náà ló fi hàn pé ihò ìdí wà. Ẹ ò rí i pé irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ àjẹ́ ilé kò kéré! Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kòkòrò yìí kì í ṣe ibi kankan.

Bó bá pọ̀ lápọ̀jù ni wàhálà ń dé. Ìpéǹpéjú á máa yún, èépá á máa bo ìdí irun ibẹ̀. A sì máa ń bá a lọ́pọ̀ yanturu lójú àwọn tó ní rosacea, àìsàn tí ń mú ojú pọ́n, tó ń yọ kókó wẹ́wẹ́ bí irorẹ́, tí dókítà sì lè gbójú fò lára aláwọ̀ dúdú nítorí pípọ́n rẹ̀ kì í tètè hàn. Ṣé kòkòrò ló fa àìsàn ni, àbí àìsàn ló fàyè gba kòkòrò? Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, a sì mọ ohun kan tí ń la ògiri yìí: ìpara tó ní steroid nínú. Ó ń kápá agbára tí ara fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kòkòrò á wá máa bí sí i.

Ẹ dé ọjà èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá. Ìyá onípara yóò po tirẹ̀ nínú abọ́ lójú yín, yóò fún túùbù clobetasol sí i, oògùn tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi gbèdéke sí, tí wọ́n sì ní kí a má fi kan ojú.

“Mọ́mì, ṣé kò ní í bó mi o?”

“Bóra kẹ̀? Ọmọ mi, ó kàn ń jẹ́ kí ara jọ̀lọ̀ ni.”

Lákọ̀ọ́kọ́, ojú á dán, irorẹ́ á wábi gbà. Nígbà tó bá yá, awọ á fẹ́lẹ́, kókó á bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, olójú á figbe ta pé ayé ti rí òun. Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, wòlíì á ní àǹtí rẹ̀ kan tó dúdú ló ń jowú àwọ̀ rẹ̀. Túùbù náà bá a gòkè. Inú báàgì rẹ̀ ló wà, nítorí à á para lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀.

Kí àwọn òyìnbó má rín wa jù o. Ní 1687 ni Bonomo àti Cestoni ní Ítálì ti ṣàpèjúwe kòkòrò tí ń fa kúrúnà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà Yúróòpù ní ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ló ń fà á. Ní 1812, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Galès ní Paris ní òun ti rí kòkòrò náà. Kòkòrò inú wàràkàṣì ló yà fún wọn, wọ́n sì gbà á. Ọdún 1834 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Kọ́síkà, Renucci, tó fi abẹ́rẹ́ yọ ojúlówó rẹ̀ lójú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, bó ṣe rí àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é.

Ìtọ́jú tiwa kò le lórí ìwé. Dókítà á ní kí a jáwọ́ nínú ìpara náà, ó sì lè fúnni ní ìpara ivermectin, oògùn kan náà tí wọ́n ń pín káàkiri abúlé nítorí ìfọ́jú etí odò. Ibi tó ti le ni pé bí steroid bá kúrò, ojú lè pọ́n, kó wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rọlẹ̀. Dókítà á ti kìlọ̀ fún olójú. Àárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ìyá onípara máa ń rí oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó fi gèlè bojú: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pò ó kó le díẹ̀ sí i.”