Ẹ Wá Bá Mi Ti Tírélà

Máíkírà ni mo ń wà kí n tó dé ìdí tírélà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìwó sí Olúpọ̀nnà á mọ irú wa: èrò méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, àpò gàrí nínú bùútù, adìyẹ lábẹ́ ìjókòó. Kò sí kòtò tí mi ò mọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ohun tó ń dùn mí ò ju ẹyọ kan lọ. Bí tírélà bá ti yọ lókèèrè, èmi ni mo máa sá bọ́ sínú koríko fún un, àwọn èrò mi á sì máa pòṣé sí mi létí. Mo wá pinnu pé èmi náà á gòkè, káwọn ẹlòmíì máa sá fún mi.

Ọ̀gá kan, ará ìlú wa, tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò, ló gbà mí ṣe ọmọ ọkọ̀. Àgbà ọ̀jẹ̀ awakọ̀ ni wọ́n. Ọmọ ọkọ̀ làwọn náà ní ọjọ́ kejì oṣù Épírì ọdún 1972, ọjọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Wọ́n ní ọ̀gá tàwọn ò gbé ọkọ̀ jáde rárá lọ́jọ́ náà, pé káwọn tí ara ń ta lọ kọ́kọ́ dán an wò ná. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀bẹ̀rù ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Èmi ni mi ò bẹ̀rù nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n bi mí pé kí ni mo ti wà rí. Mo ní, "Ọ̀gá, ohunkóhun tó bá ti ní sítíárìn, ẹ gbé e fún mi." Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bu omi, kí n fọ táyà. Táyà méjìlélógún ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà. Láísẹ́ǹsì tí mo ní, ti ọkọ̀ kékeré ni. Ti tírélà ní lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀, G ni, mi ò sì tíì gbà á. Nítorí náà, inú gáréèjì nìkan ni wọ́n gbà kí n ti máa fọwọ́ kan sítíárìn, ìyẹn náà, bí wọ́n bá wà níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, a ti di 600 àpò sìmẹ́ǹtì sórí ọkọ̀, ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù gbáko, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Ọ̀gá mi gbé búta, wọ́n ń lọ kírun Àsùbáà. Wọ́n ní kí n ṣáà ṣiná sí ọkọ̀, kó máa gbóná dè wọ́n. Mo ṣiná. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Orí mi wú. Mo ní kí n tiẹ̀ sún un síwájú díẹ̀, kí wọ́n wá bá a lẹ́nu géètì. Mo tẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ sí jíà kìíní, mo fẹsẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n rìrì, ó kú. Mo tún ṣiná, ó tún kú. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wo táyà, mo rí ẹrẹ̀. Mo ní háà, ó ti rì.

Bí mo ṣe lọ bá àwọn alábàárù tó ń mu ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ti tírélà." Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan ní èló ni. Mo dárúkọ owó tí mo tọ́jú fún oúnjẹ, wọ́n sì dìde. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n tò sí ìdí ọkọ̀, ẹnì kan ń dá orin, àwọn yòókù ń gbè é. Èmi wà lókè, mo yọrí lójú wíńdò, mò ń ké pé, "Ó ti ń mira! Ẹ tún un ṣe!" Kò mira o.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi bá wa. Wọ́n dúró, búta lọ́wọ́, wọ́n wò wá títí. Wọn ò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n gòkè, wọ́n ní kí n sún, wọ́n ṣiná, wọ́n wá káwọ́ gbera, wọ́n ń jẹ orógbó. Wọ́n fìka han abẹ́rẹ́ kan tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nínú góòjì. Afẹ́fẹ́ ni. Búréèkì tírélà kì í ṣe ti Máíkírà. Sípíríǹgì ló ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kó jọ ló ń ti sípíríǹgì náà sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ tó lè yí. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, afẹ́fẹ́ á ti jò dànù, àfi kéèyàn ní sùúrù kó tún kún. Nígbà tó kún, wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, ọkọ̀ ní fìììṣ, ó sì rọra ń lọ. Mo sáré bá àwọn alábàárù pé kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní òógùn kì í padà sínú ara.

DAF ni ọkọ̀ wa, abẹ́ ìjókòó awakọ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, gbogbo orí ọkọ̀ lẹ máa dà síwájú, títí á fi dojú bolẹ̀. Orí ọkọ̀ yìí kan náà ni yàrá wa. Ibẹ̀ là ń sùn, ibẹ̀ ni sítóòfù, ìkòkò, jáàkì àti sípánà wà. Ẹni tó bá fẹ́ da orí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ilé. Lọ́jọ́ tí bẹ́líìtì fáànù já lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, ọ̀gá mi ní kí n da orí. Mo dà á. Jáàkì ló ṣíwájú, ìkòkò gbẹ̀gìrì tẹ̀ lé e, gbogbo wọn lọ bá gíláàsì iwájú.

Nígbà tá a gbé orí padà, gíláàsì ti sán, gbẹ̀gìrì sì bò ó láti igun dé igun. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo nawọ́, mo tan wáípà. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀, lóde. Gbẹ̀gìrì wà nínú. Ọ̀gá mi wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n ní, "Àkànní, ewédú ńkọ́?"

Òfin ní kí tírélà má sáré ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lójú irú títì bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, a ò sún mọ́ ìdajì rẹ̀. Àràròmí, ní Géètì, la ti rí gíláàsì tòkunbọ̀ rà. Owó oṣù mi ló bá a lọ.

Mo gba G lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Ti fífẹ̀yìn rìn, ẹ jẹ́ n yára kọjá níbẹ̀. Bó o bá fẹ́ kí ìdí tírélà yà sósì, ọ̀tún lo máa kọ́kọ́ yí sítíárìn sí. Orí mi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ni kò gbà. Ìyá aláàkàrà kan wà ní Lálúpọn tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti rí ojú mi, wọ́n á bi mí pé ṣé káwọn gbé agbada kúrò ná.

Àfi ìgbà tá a gbé kọ̀ntánà kan láti Àpápá, tó ń lọ sí Òṣogbo. Reluwé ti dé Òṣogbo láti 1907. Ká ní orí irin ni gbogbo ẹrù ṣì ń gbà ni, ta ni ì bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé mi lọ́wọ́? Nígbà tá a dé Ìwó, ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ ní Odò-Orí, wọ́n fẹ́ yẹ ìyàwó wọn kékeré wò. Wọ́n ní kí n dúró dè wọ́n. Mo ní ó dáa, Ọ̀gá. Wọn ò tíì yí kọ̀rọ̀ tí mo fi dorí kọ Olúpọ̀nnà. Máíkírà kan sá bọ́ sínú koríko fún mi lọ́nà. Mo fun fèrè sí i.

Mi ò dúró lẹ́bàá títì. Mo yà wọ àdúgbò wa. Àwọn ọmọdé tú jáde. Ìyá mi náà jáde, ìdérí ìkòkò lọ́wọ́, wọ́n ní, "Àkànní, ṣé ìwọ lò ń wa ilé yìí?" Mo ní èmi ni, Ìyá. Wọ́n bu omi tútù sí táyà iwájú, wọ́n dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn aládùúgbò náà dijú, wọ́n ń ṣe àmín. Mo rọra sún ọkọ̀ síwájú kí àmín lè ká a délẹ̀ dáadáa. Mo gbọ́ pàá lókè. Mo rò pé ọmọ kan ló sọ òkò. Mo tún sún díẹ̀, òpó iná iwájú ilé Álífà tẹ̀ sọ́dọ̀ wa, wáyà sì já bọ́. Kọ̀ntánà tó wà lórí tírélà ga ju mítà mẹ́rin lọ. Ẹni tó ta wáyà àdúgbò wa ò retí irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tá a ti rí iná gbẹ̀yìn, wáyà náà ò sì pa ẹnikẹ́ni. Èmi àtàwọn ọmọdé nìkan la rí i, torí àdúrà ìyá mi kì í kúrú. Mo fún àwọn ọmọ ní bisikíìtì, mo fa okùn tapólì yọ, mo gbé wáyà kọ́ igi máńgòrò, mo so ó gírígírí. Bí mo ṣe fẹ̀yìn jáde níbẹ̀, ẹ má bi mí.

Alẹ́ ọjọ́ tí iná dé, Olúpọ̀nnà hó yèè. Àdúgbò wa nìkan ló ṣókùnkùn birimù. Wọ́n pe oníṣẹ́ iná. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sórí igi máńgòrò, ó ní ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò rí oníná tó ta irú kókó yìí rí. Kókó onítírélà ni. Bisikíìtì ti dà nínú àwọn ọmọ. Wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá Àkànní ni."

Ìyá mi pè mí lórí fóònù. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, "Àkànní, nígbà tí mò ń gbàdúrà fún ẹ, kí lò ń ṣe?"

Ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù dá a pé kí n ra wáyà, kí n san owó iṣẹ́, kí tírélà mi má sì kọjá ẹ̀bá títì mọ́ láé. Ọ̀gá mi ní ẹjọ́ náà dára, wọ́n fi tiwọn kún un: wọ́n dá mi padà sídìí táyà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi lọ.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ délé, ẹ̀bá títì ni mò ń gbé ọkọ̀ sí, màá wá gun ọ̀kadà wọlé. Láìpẹ́ yìí, ọlọ́kadà tó gbé mi ń ráhùn láti títì dé ẹnu ọ̀nà wa: wèrè wo ló gbé irú ẹrù báyìí díni lójú, ṣebí ọ̀kan nínú wọn ló fa wáyà àdúgbò kan já níjọ́sí, tó tún so ó mọ́ igi. Mo ní àwọn onítírélà ò dáa rárá. Mo sanwó fún un, mi ò gba ṣéńjì.