Ikú Tó Ṣíni ní Fìlà

Àwọn àgbà tí wọ́n fi ewú orí ra ọgbọ́n ni wọ́n pa á lówe pé, ikú tí ìbá pani, bí ó bá ṣíni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Òwe náà sì gún régé, àfi pé ẹni tí ó pa á kò bá ọ̀gbẹ́ni kan pàdé rí ní Peckham, nílùú London, ẹni tí ó dúpẹ́ fìlà àkọ́kọ́ tán, tí ó wá ń ra fìlà tuntun láràárọ̀ kí ikú lè máa rí nǹkan ṣí.

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń yọ́ hù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yìí ti ń fa sìgá. Nígbà tí ó wá gbọ́ pé ní ọdún 2015 àjọ tí ń bójú tó ìlera ará ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ewu vape, ìyẹn ẹ̀rọ tí à ń fà bíi sìgá, fi nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 kéré sí ti sìgá, ó da páálí sìgá rẹ̀ nù, ó sì ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí iná búlúù ń tàn nídìí rẹ̀, tí òórùn mángòró ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. N kò bá a jà lórí ìyẹn o: ẹni tí ó já sìgá jù sílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ apani. Ìdá 5 tó kù ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni wa kà á sí èènì, ó sì ń gba èènì náà láti ìdájí títí di ìgbà oorun, lórí bẹ́ẹ̀dì, nídìí oúnjẹ, nínú balùwẹ̀; bẹ́ẹ̀ sì rèé, láyé sìgá, òjò àti òtútù ìta kì í jẹ́ kó fà á tó bẹ́ẹ̀.

Ni ikọ́ bá dé. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, bí àgbà ti gbé oyin sókè tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ni ikọ́ gbé e, agbádá ń fò, èjìká ń jó, abetí-ajá orí rẹ̀ sì já bọ́ sínú àwo orógbó. Ìyá rẹ̀ gbọ́ n'Ìbàdàn, ó pè é lórí fóònù.

"Àjàní, ikọ́ wo ni ti oṣù mẹ́ta?"

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró mi ló ń fọ ìdọ̀tí sìgá dànù."

"Ìfọ̀ wo ni kì í tán, Àjàní?"

Ìdajì òótọ́ ni ọmọ sọ fún ìyá. Irun wẹ́wẹ́ wà ní ọ̀nà èémí wa tí ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè; èéfín sìgá a máa sọ wọ́n di arọ, bí a bá sì ṣíwọ́, wọn a jí, wọn a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ikọ́ a sì pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdajì kejì ni kò fẹ́ gbọ́: propylene glycol àti gílísáríìnì inú omi vape a máa fa omi mọ́ra, wọn a sì gbẹ ọ̀fun táútáú. Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà tí ó ṣe irú ẹ̀rọ yìí jáde ní 2003, amusìgá lòun náà, ọ̀nà àbáyọ ló ń wá. Ọ̀gbẹ́ni wa kọ́lé sójú ọ̀nà ọ̀hún.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikọ́ tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ń ní kí a gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á débẹ̀. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kó lọ ya àwòrán rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dín fífà náà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Ọ̀gbẹ́ni wa mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè pé kì í ṣe sìgá, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ méjì jáde.

"Dókítà," ni ó wí, "nínú oní-mángòró yìí àti oní-míńtì, èwo ló dára fún ikọ́?"