Ọ̀gbẹ́ni Àwa

Ní ìlú Washington, ọ́fíìsì Aṣojú Òwò Amẹ́ríkà wà ní Òpópónà 17, nítòsí ilé ààrẹ, Òpópónà K tí àwọn alágbàwí ilé-iṣẹ́ ńlá sọ di ọjà wọn kò sì jìnnà sí i ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, irú ènìyàn kan wà tí ó ń fi ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rin ìrìn náà, tí owó rẹ̀ sì ń di ìlọ́po-ìlọ́po bí ó bá ti débẹ̀. Ẹni náà ni adúnàádúrà ìjọba tí ó di igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ aládàáni fún ọ̀rọ̀ ìlànà, ìyẹn ẹni tí ìlú rán lọ sọ́jà kí ó bá wọn ná ọjà, tí ó wá lọ jókòó ti àwọn tí ń tajà. Kò sí ìdí láti dárúkọ ẹnì kan, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan nínú wọn ti mọ gbogbo wọn.

Òfin òwò ọdún 1962 ni ó dá ipò aṣojú náà sílẹ̀, kí ẹnì kan lè máa bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dúnàádúrà lórúkọ gbogbo Amẹ́ríkà, abẹ́ ipò yìí sì ni ọkùnrin náà ti kọ́ṣẹ́. Ó mọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àkámọ́, èyí tí í ṣe àmì pé àwọn tí ń jíròrò kò tíì fẹnu kò lé wọn lórí. Ó sì mọ àwọn ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn tí òfin ọdún 1974 gbé kalẹ̀, níbi tí àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ ti ń ka àbá àdéhùn tí aráàlú kò lè rí. Lọ́dọọdún, ó máa ń bá ọ́fíìsì aṣojú náà ṣe ìwé Special 301 tí òfin ọdún 1988 bí, èyí tí ó ń to orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà kà sí aláìbọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fi ń dá ẹlòmíràn lẹ́kun láti ṣe oògùn tàbí ohun èlò kan fún iye ọdún kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́, òun a sì máa gbà á. Nígbà tí ó kó lọ sí Òpópónà K, òun ni ó wá ń kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́, ó sì mọ bí gbólóhùn ṣe gbọ́dọ̀ rí kí ẹni tí ó jókòó sórí àga rẹ̀ àtijọ́ má baà ní wàhálà àtitún un kọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó jáde ní ọ́fíìsì ìjọba láìsan kọ́bọ̀ lórí rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà ni "àwa". Nínú iṣẹ́ ìjọba, Amẹ́ríkà ni "àwa"; lẹ́yìn tí ó kúrò níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò yí padà, ẹni tí ń sanwó ẹnu náà ni ó yí padà. Yóò ní àwa ni a kọ ìpín kẹta àdéhùn yẹn, ìjọba ni ó ní lọ́kàn. Yóò ní àwa kò lè fara mọ́ owó-orí tuntun yìí, ilé-iṣẹ́ ni. Yóò ní ó yẹ kí a dáàbò bo àwọn ènìyàn wa, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ni tàbí àwọn onípìn-ín ìdókòwò. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, "àwa" rẹ̀ lè pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta. Èdè Yorùbá ní "a" kan tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ òwe, tí ó ń wí pé a kì í ṣe báyìí, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìran ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. "Àwa" ti ọkùnrin yìí ní ọlá òwe, ṣùgbọ́n ó tún ní nọ́ńbà àkáǹtì ní báńkì.

Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, àwáwí rẹ̀ ni pé òun kì í ṣe lọ́bì. Lọ́bì ni kí ènìyàn gba owó láti rọ àwọn aláṣẹ lọ́kàn kí òfin lè tẹ̀ síbi tí olówó fẹ́, òfin Amẹ́ríkà sì gbà pé ẹni tí kò bá lo tó ìdá 20 nínú 100 àkókò iṣẹ́ rẹ̀ fún oníbàárà kan nídìí èyí kò ní láti forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ kan nínú ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún nìyẹn, ọkùnrin náà sì ń ṣọ́ ọ bí adìyẹ ṣe ń ṣọ́ ẹyin, nítorí ní ọjọ́ mẹ́rin yòókù, àlàyé ni ó ń ṣe. Òfin mìíràn kò jẹ́ kí àgbà òṣìṣẹ́ tí ó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ bẹ ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́ lọ́wẹ̀ fún ẹlòmíràn títí ọdún kan yóò fi pé, ó sì ń pa òfin náà mọ́ bí ẹni ń gbààwẹ̀: kò pe ẹnikẹ́ni, ó kàn ń sọ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n pè, àti wákàtí tí ara onítọ̀hún máa ń yá. Aṣojú òwò fúnra rẹ̀ àti igbákejì rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Àlejò ni òfin yìí ń bẹ̀rù jù, bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ wà.

"Àwa" yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú àdéhùn tí Amẹ́ríkà, Mẹ́síkò àti Kánádà fọwọ́ sí ní ọdún 2018, ìpín kan wà tí ì bá fi ọdún 10 dènà ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú ti àwọn oògùn olówó gọbọi tí wọ́n ń fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe. Àwọn aṣòfin ni ó yarí tí wọ́n fi yọ ọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ṣùgbọ́n abala kan nínú Ìpín 19 tí kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì jẹ̀bi ohun tí ẹlòmíràn kọ sójú òpó rẹ̀ dúró digbí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọ́fíìsì aṣojú náà fa ọwọ́ sẹ́yìn kúrò lẹ́yìn àwọn àbá tí ó ti gbé lọ sí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé pé kí dátà máa lọ kí ó máa bọ̀ láìsí ìdènà, irú ọkùnrin yìí sì pariwo bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé baba rẹ̀, ó ń béèrè ìdí tí àwa fi kọ àwa sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni "àwa" méjèèjì pàdé lójú títì, tí wọn kò sì kí ara wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ìjọba tuntun pè é padà, yóò sì ní ìlú ni òun fẹ́ sìn, àwọn olóòótọ́ yóò sì tún gbà á gbọ́. Ìwà ìbàjẹ́ ni iṣẹ́ yìí, bí kò tilẹ̀ sí ẹsẹ̀ òfin tí ó mú un, nítorí pé ìmọ̀ tí owó ìlú fi kọ́ ọ ni ó ń tà fún àwọn tí ń bá ìlú du nǹkan. Bí ọmọ Yorùbá kan bá ń fi "àwa" yangàn, ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bi í pé, "Ìwọ àti ta ni?" Ìbéèrè náà kò ṣòro, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ àdéhùn òwò, gbogbo ẹni tí ì bá béèrè rẹ̀ ni ó ti wà nínú "àwa" náà, tàbí tí ó ń dúró de àyè tirẹ̀.